Má Fi Ìbéèrè Rẹ Pamọ́ fún Wa

Àkànní, ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà fẹ́ kí o tẹ orí kejì nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ jáde, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé bí àwọn ará ìjọ wa bá rí i, wọn á ní Amẹ́ríkà ti ba ọmọ kátíkíìsì jẹ́. O ní ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa á tì, kí o lọ wáṣẹ́ sí báńkì. Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yára fi ẹnu gbà. Mo wá jókòó ti Gordon Kaufman, onímọ̀ nípa Ọlọ́run ará Amẹ́ríkà tí ò ń kọ̀wé lé lórí, mo kà nípa ìgbésí ayé rẹ̀, mo sì ka díẹ̀ nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ìwọ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ni mo fi kà á, ohun tí ojú náà rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ ilé bíi tìrẹ ni. Newton ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n bí i sí ní 1925, láàárín àwọn Mennonite, ìjọ Kristẹni tó gbà pé onígbàgbọ́ kò gbọ́dọ̀ jagun, tí àwọn bàbá wọn fi ilẹ̀ Rọ́ṣíà sílẹ̀ lẹ́yìn 1870, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ máa mú ọmọ wọn wọṣẹ́ ológun. Bàbá rẹ̀ ṣe míṣọ́nnárì ní Ṣáínà kó tó di olórí Bethel College, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ wọn, fún ogún ọdún. O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sín, gbogbo ìjọ ló gbọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kọ̀ láti gbé ìbọn nítorí ẹ̀rí ọkàn, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 12,000 ní Amẹ́ríkà nígbà náà, tí wọ́n ń gbin igi, tí wọ́n ń panápaná nínú igbó, tí wọ́n ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láìgba owó oṣù, tí àwọn ará ìlú sì ń pè wọ́n ní ojo. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí bọ́ǹbù átọ́mù bọ́ lé Hiroshima.

Mo fẹ́ kí o dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan á sọ pé yunifásítì ló kó ìbéèrè sí i lórí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kọ́ pé kó má pààyàn, tí gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀, títí kan àwọn tó ń ka Bíbélì kan náà, ń sọ fún un pé kó pààyàn, ó ti rí i pé ibi tí ènìyàn dúró sí ló fi ń wo òtítọ́. Yunifásítì Yale, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kàn fún un ní èdè tí yóò fi bèèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ìyẹn náà ni ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1955 dá lé: bí ìran kọ̀ọ̀kan bá ń fi ojú tirẹ̀ rí òtítọ́, ọ̀nà wo la óò gbà mọ̀ ọ́n?

O máa ń ṣàròyé pé ọdún mẹ́rin tí o fi ka akáúńtì ṣòfò. Ìmọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ni òun náà kọ́kọ́ gba oyè kejì nínú rẹ̀, ní Yunifásítì Northwestern ní 1948, kó tó lọ kọ́ nípa Ọlọ́run, kò sì fi í ṣòfò. Wọ́n fi jẹ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mennonite ní 1953. Ó kọ́ni ní Pomona, ó kọ́ni ní Vanderbilt, ó dé Harvard ní 1963, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1995.

Ohun tó wú mi lórí jù rèé. Ní 1968 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde, irú ìwé tí àwọn mìíràn ń fi gbogbo ayé wọn ṣọ́ bí ẹní ṣọ́ oko. Kó tó tó ọdún mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ ti jáde wá sọ pé ìpìlẹ̀ tí òun gbé e lé kò tó. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń kó jọ nípa Ọlọ́run, àwa la ń mọ ọ́n, àwa la sì gbọ́dọ̀ máa tún un mọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lórí àga ńlá, tí ẹnikẹ́ni kò lé e! Ní 1982, nígbà tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà, bọ́ǹbù yẹn náà ló dìde sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní ènìyàn ti lágbára báyìí láti pa ìran ènìyàn run pátápátá, ẹni tó bá sì jókòó tó ń sọ pé Ọlọ́run kò ní gbà, ó ń sá fún iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ọmọdékùnrin Newton ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Kò sì kẹ̀yìn sí Newton. Ní 1979, nígbà tó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Harvard, ó kó àwọn àròkọ tó kọ gẹ́gẹ́ bí Mennonite jọ, ilé ìtẹ̀wé ìjọ wọn ní Newton ló sì gbé e fún. Ìwọ náà, lẹ́yìn tí o bá ti kọ fún àwọn olùkọ́ rẹ, jọ̀ọ́ kọ ọ́ lédè Yorùbá fún wa, kí a bá ọ jà níbẹ̀ bí a bá máa jà.

Nítorí èmi náà ní ìjà tí mo fẹ́ bá a jà. Nígbà tó ń pe Ọlọ́run ní àdììtú, mo gbà fún un. Ní àárọ̀ là ń pè É ní Àwámárìídìí nínú àdúrà, kí ó tó di ọ̀sán a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá ìdí Rẹ̀ tó sì rí i. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó ní kí a má ṣe wo Ọlọ́run bí ẹnìkan tó ń ṣẹ̀dá mọ́, pé iṣẹ́ ìṣẹ̀dá fúnra rẹ̀, bí nǹkan tuntun ṣe ń wáyé, ni Ọlọ́run. Àkànní, níbẹ̀ ni mo ti dúró. Alẹ́ tí bàbá rẹ kú, Ẹlẹ́dàá tó létí ni mo ké pè. Mi ò lè kúnlẹ̀ fún ohun tí kò gbọ́ mi. Bí o bá fara mọ́ ọn níbẹ̀, sọ fún mi, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

O lè má rántí èyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. À ń ṣe àdúrà alẹ́, bàbá rẹ ka ibi tí Sámúẹ́lì ti ní kí Sọ́ọ̀lù pa àwọn ará Ámálékì, àti ọmọ ọwọ́ wọn. O bèèrè pé kí ni àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ní kí o kúnlẹ̀ kí o gbójú sókè. Èmi mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni, torí ó ti wà nínú tèmi náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo dákẹ́, mo ń wo ọ́ bí omijé ṣe ń bọ́ lójú rẹ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ fún ìdákẹ́ yẹn.

Fi orí kejì náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Màá gba ọmọ àbúrò rẹ kí ó máa túmọ̀ ibi tó bá le fún mi. Bí o bá sì pè lọ́jọ́ Àìkú, jẹ́ ká ti ibi àwọn ọmọ ọwọ́ Ámálékì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ