Èwo ló ń ṣe adìyẹ Ìkòròdú?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Adìyẹ ẹlẹ́yin ni mo ń sìn ní Odógunyàn. Lásìkò ọyẹ́, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń sín; èèpo ẹyin wọn fẹ́lẹ́, funfun inú rẹ̀ ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba àjẹsára bronchitis, àrùn ọ̀nà èémí adìyẹ!

Ìdílé kòrónà ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn yẹn, ó máa ń yí padà. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ṣàlàyé ẹ̀yà kan tí wọ́n rí lára adìyẹ ilẹ̀ wa, wọ́n pè é ní IBADAN. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀yà Massachusetts inú ọ̀pọ̀ àjẹsára.

Ẹ bá wa bẹ ìjọba Èkó: kí dókítà ẹran máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀fun adìyẹ wa lọ sí ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, kí èsì sì dé ọwọ́ àwa tó ń sìn wọ́n, ká tó tún ra àjẹsára.

Ìyá Ẹlẹ́yin,
Odógunyàn, Ìkòròdú