Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Gbẹ́ Kànga Ẹ̀rọ Méjì Létí Ọ̀yán

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá ló ní kí a kọ ìwé yìí sí yín, ọ̀rọ̀ omi tí àwọn ará ilé ń lò ló sì dá lé lórí.

Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ ohun tí odò Ọ̀yán jẹ́ fún wa. Àkùrọ̀ rẹ̀ ló ń fún wa ní ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ gbogbo oko òkè, ìgèrè tí àwọn bàbá wa ń dẹ síbẹ̀ ló sì san owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nígboro lónìí. Bí ẹ bá dé etí odò kí oòrùn tó yọ, ẹ óò bá àwọn ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń yọ gbágùúdá tí wọ́n rẹ sómi láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n ń fa okùn àárín rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń fún omi ara rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń sá a sórí àpáta títí àpáta náà yóò fi funfun báláú. Láfún yẹn ni àwọn oníṣòwò Abẹ́òkúta ń wá rà lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà lórí àpáta yẹn kí n tó mọ ẹsẹ̀ rìn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n kọ́ kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi lò, kí àgbẹ̀ lè rí omi bomi rin oko, kí iná mànàmáná sì lè wà. Omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ wá di adágún. Inú wa dùn pé ìlú ńlá rí omi mu láti ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n omi tó dúró sójú kan, tí koríko yí etí rẹ̀ ká, ni ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, fẹ́ràn jù lọ. Àrùn náà ti ń bá àwọn abúlé tó yí adágún náà ká fínra láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì yọ tiwa sílẹ̀.

Bí ẹni tó ní àtọ̀sí ajá bá tọ̀ sódò, ẹyin kòkòrò náà á pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìgbín, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì tún jáde wá gba awọ ara ènìyàn wọlé. Kò dìgbà tí ènìyàn bá mu omi náà. Kí ó sáà ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ti tó. Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, mo rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó ń tọ̀ sórí iyanrìn. Ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán tó kẹ́yìn pọ́n bí osùn. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn bò ó, ó sì sáré padà sídìí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo bi ìyá rẹ̀, ó ní àwọn àgbà ti sọ fún òun pé ọmọkùnrin tó ń bàlágà ni. Rárá o, àìsàn ni. Bí ó bá pẹ́ lára, a máa ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, a máa fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára ọmọ, ó sì lè dí obìnrin lọ́wọ́ láti lóyún.

Oògùn praziquantel ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ọmọ tó lo oògùn láàárọ̀ tó sì lọ pọnmi lódò nírọ̀lẹ́ ti tún ṣílẹ̀kùn fún un. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún rántí sòbìà, àrùn aràn gígùn tí ènìyàn ń kó látinú omi mímu, tó ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lásìkò ọ̀gbìn gan-an. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti kànga tó mọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbà gbọ́ pé a lè ṣe é.

Kànga ẹ̀rọ méjì la fẹ́ gbẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ọ̀kan nínú ọgbà ilé ìwé, pẹ̀lú ṣáláńgá oníyàrá mẹ́rin fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí ìtọ̀ wọn má baà máa padà sódò. Ọwọ́ ni a ó máa fi fa omi àwọn kànga náà. Ẹ ó rántí èyí tí wọ́n gbẹ́ fún wa lásìkò ìbò kan, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ oní-dísù ló ń fa omi rẹ̀: kò ju ọdún méjì lọ tó fi dákẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n fi owó epo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìyálọ́jà ni yóò máa bójú tó tọjà, wọn yóò sì máa gba owó táṣẹ́rẹ́ fún àtúnṣe. Ilẹ̀ ti wà, àwọn ọ̀dọ́ sì ti gbà láti gbẹ́ ihò ṣáláńgá láìgba kọ́bọ̀.

Owó ló kù. Ìpàdé fi ₦10,000 lé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí, ₦50,000 sì ni fún ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun. A yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kí ó san án ní ìdá méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lé akápò ẹ̀ka yín lọ́wọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì. A fẹ́ kí owó náà pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga kò ní lè gba ọ̀nà wa kọjá bí ilẹ̀ bá ti rin.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ gbogbo ìgbìmọ̀