Ẹ má dá Bọ́ọ̀dù padà, òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ bá wa tún ṣe

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ní kí ìjọba dá Mákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó látijọ́ tó sì ń dá iye lé e, padà kíákíá, kí àwọn tí ń ra kòkó lè yé rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ, èmi náà lè jẹ́rìí sí i. Ọmọ oníkòkó ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì kí n tó padà sóko bàbá mi lẹ́bàá Ilé-Olújì. Ṣùgbọ́n àgbo tí arákùnrin yẹn ní ká mu yìí, a ti mu ún rí, ẹnu ẹlòmíì ṣì ń korò di òní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí òṣùwọ̀n ọ̀gbẹ́ni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ mi. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àna wa ni. Lọ́jọ́ kan, mo ra sìmẹ́ńtì tí mo fẹ́ fi tún ilẹ̀ ibi tí a ń sá kòkó sí ṣe, mo wá ní kí ọlọ́kadà bá mi gbé ẹyọ kan tẹ̀ lé mi lọ sí ìsọ̀ ẹ̀. Wọ́n wọn kòkó mi tán. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé sìmẹ́ńtì yìí náà lé e, ẹ má bínú sí àgbàlagbà. Wọn ò tíì já okùn ẹnu ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò náà gàdàgbà: kílò 50. Abẹ́rẹ́ rìn, ó gbọ̀n díẹ̀, ó dúró sí 44.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọ tó ń kọ̀wé ń wo ojú ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ ń wo fóònù. Nígbà tó ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ ò rí i, Bàbá? Àwọn oní-sìmẹ́ńtì gan-an ń rẹ́ wa jẹ.”

Kílò mẹ́fà nínú 50. Nínú tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò 16, kílò 120 ló fò lọ bẹ́ẹ̀. Ó ku fín-ín kó pé àpò méjì. Kò sì tán síbẹ̀. Yóò tún ki ọwọ́ bọ inú àpò, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò mì ín létí bí ẹni tí kòkó ń bá sọ̀rọ̀, yóò ní omi ṣì wà nínú ẹ̀, ká yọ kílò méjì-méjì kúrò lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kékeré wà tí wọ́n fi ń mọ iye omi inú kòkó. Èyí tó bá ń lọ sókè òkun, omi inú ẹ̀ kì í yẹ kó ju bí ìdá méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mi ò rí irú ẹ̀rọ yẹn ní ìsọ̀ àna wa rí. Etí rẹ̀ ni ẹ̀rọ.

Nítorí náà, inú ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó bí Bọ́ọ̀dù. Ní 1937, àwọn kóńpìnnì òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, panu pọ̀ lórí iye tí wọn yóò máa san. Àwọn àgbẹ̀ fárígá, wọ́n ní àwọn ò tà, àwọn ò sì ra ọjà òyìnbó. Kòkó wà nílẹ̀ wọ inú 1938. Ìgbà tí ogun Hitler bẹ́, ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ ra gbogbo kòkó. Ogun tán, ìjọba ò fọwọ́ kúrò. Ní 1947, wọ́n dá Bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Nígbà tó di 1954, ó di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwa ti Ìwọ̀-Oòrùn sì ní tiwa.

Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ ni pé, bí kòkó bá wọ́n lókè òkun, kí Bọ́ọ̀dù fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó náà. Bó bá di ọ̀pọ̀, kó fi èyí tó wà nípamọ́ gbé àgbẹ̀ ró. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Àmọ́ owó tabua tó jókòó sójú kan, tí ẹni tó ni ín wà nínú oko, ṣé ẹ rò pé olóṣèlú á kàn máa wò ó ni? Wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì fi ṣe òṣèlú. Mi ò ní purọ́, èmi náà jẹ nínú ẹ̀: ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni mo lọ. Bí mo bá sì dé Ìbàdàn, mo ṣì máa ń gbójú sókè wo Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bi bàbá mi léèrè kí wọ́n tó yọ owó yẹn? Owó orí yàtọ̀, èyí tí Bọ́ọ̀dù ń yọ yàtọ̀. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, tí wọ́n fárígá pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san lówó orí, owó orí nìkan kọ́ ló ń dùn wọ́n. Iye tí Bọ́ọ̀dù ń san lórí kòkó wà níbẹ̀, ìyà tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ kòkó wò náà wà níbẹ̀.

Ní 1986, nígbà SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, ìjọba Babangida tú Bọ́ọ̀dù ká. Owó kòkó fò sókè lọ́nà tí bàbá mi kò rí rí. Ọdún yẹn ló pààrọ̀ páànù ilé, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ewé kòkó yàtọ̀ sí ewé obì náà di oníkòkó, torí pé ẹni tó bá kó o ròkè òkun yóò rí dọ́là gbà. Wọn ò bìkítà bóyá o bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí bóyá àná lo fọ́ ọ. Tútù, gbígbẹ, èyí tó bu, gbogbo ẹ̀ ń wọnú àpò kan náà. Orúkọ tí kòkó wa ní lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé yín rí nìyí. Iṣẹ́ méjì ni ìjọba ń ṣe látijọ́, a sì pa méjèèjì pọ̀ sọnù. Èkíní ni pé ó ń rà, ó ń dá iye lé e. Èkejì ni pé ó ń yẹ ọjà wò. Òṣìṣẹ́ a máa ka hóró 300, a fi ọ̀bẹ là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí méjì. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kòkó onípò kìíní fún ọ, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ. Mo máa ń dúró ti bàbá mi tí yóò máa ka mẹ́sàn-án yẹn lábẹ́ èémí bí ẹni ń gbàdúrà. Lónìí, mo ti rí ibi tí òǹtẹ̀ ti balẹ̀ tí ọ̀bẹ ò sì jáde nínú àkọ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí Bọ́ọ̀dù ì bá ṣe rí lónìí, kó wo Gánà, níbi tí Cocobod, Bọ́ọ̀dù kòkó tiwọn, ṣì ti ń dá iye kòkó. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, ó tilẹ̀ kọjá 12,000 ní December. Àwọn ará ibí tà á bó ṣe ń gòkè, ọ̀kadà tuntun kún ìgboro. Gánà ti ta púpọ̀ nínú tiwọn sílẹ̀ ṣáájú ní iye àtijọ́, kò sì sí ohun tí àgbẹ̀ wọn rí gbá mú nínú ìlọsókè yẹn tó bí ó ṣe yẹ. Ni kòkó bá ń fi òru sọdá sí Tógò àti Ivory Coast. Kí n má ṣe ojúsàájú o: nígbà tí ọjà já ní 2025, Gánà tún fi kún owó àgbẹ̀ wọn ní August àti October. Àwa, ọ̀sẹ̀ tó já náà la ti jẹ ìyà ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n yan ìyà tèmi.

Mo gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ń gbèrò ìgbìmọ̀ tuntun kan fún kòkó. Kó má fọwọ́ kan àpò kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tó o. Òfin òṣùwọ̀n ti wà láti 1974, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń wọn kòkó ládùúgbò wa, mi ò rí òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Rédíò tó ń kéde òkú láràárọ̀, ṣé kò lè fi iye kòkó ọjọ́ náà kún un? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tún wà níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ní àwọn ò ní ra kòkó láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 December 2020, ó sì ní kí oníkálukú fi ojú ibi tí oko rẹ̀ wà hàn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Àwọn oníkóńpìnnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fi fóònù yí oko mi ká. Kálukú gbé àwòrán oko mi lọ, kò sẹ́ni tó fún mi ní ẹ̀dà kan. Bí mo bá bá àna wa jà lọ́la, èmi pẹ̀lú ìwé wo ni mo fẹ́ gbé lọ bá ẹlòmíì? Ká ya àwòrán oko lẹ́ẹ̀kan, kó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìjọba nìkan ló lè ṣe é.

Bí ẹnì kan nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn bá ka lẹ́tà yìí, ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń wọn kòkó níbí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí wọ́n má gbàgbé òkúta ìwọ̀n tiwọn. Sìmẹ́ńtì tèmi ti wọlẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Oníkòkó,
Ilé-Olújì, ìpínlẹ̀ Oǹdó.