Họ́kì àwọn ọmọdé: ẹ má dá ọmọ nìkan lẹ́bi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìwà jàgídíjàgan láàárín àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ ní kí wọ́n fi kún ìyà ọmọ tó bá ń jà. Èmi ò bá yín lọ síbẹ̀ o. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Ọmọ tó fi ọ̀pá họ́kì gbá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ kúkú ti ń jìyà. Rẹfirí á lé e jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi èèyàn kan dín gbá a. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó padà dé ńkọ́? Ọwọ́ ẹni yìí ni ohun tí gbogbo ọmọ ń wá wà: àǹfààní láti wọlé gbá. Bí ọmọ bá ṣe ẹnìkejì léṣe, tí ọ̀gá sì tètè rán an wọlé padà torí pé ó mọ̀ ọ́n gbá, àwọn tó kù lórí bẹ́ńṣì ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ nìyẹn. Ìwàásù yòówù tó bá ṣe fún wọn lẹ́yìn eré, ẹnu lásán ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó títí eré á fi parí, kódà bí wọn yóò bá fìdí rẹmi, òun ni mo lè fi ọmọ mi lé lọ́wọ́.

Ká wá bọ́ sórí àwa òbí. Ní oṣù Keje ọdún 2000, ní ìlú Reading, ìpínlẹ̀ Massachusetts, bàbá kan lu bàbá mìíràn pa níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń dánra wò. Ohun tó fa ìjà ni pé ẹni tó lu ẹnìkejì rẹ̀ pa yìí ní eré náà ti le jù! Ẹ̀wọ̀n ọdún 6 sí 10 ni wọ́n dá fún un ní 2002. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò ní débẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń bú rẹfirí, tó sì jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ ọdún 15 tàbí 16 lòun náà. Nínú ọkọ̀, ọmọ tí ò tíì sinmi, bàbá ti bẹ̀rẹ̀: "Kí ló dé tí o ò gbẹ̀san lára ọmọ tó gbá ẹ?" Ọmọ ti mọ ohun tí yóò ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn.

Òfin wà. USA Hockey, àjọ tó ń bójú tó họ́kì ní Amẹ́ríkà, fún rẹfirí láṣẹ láti dá eré dúró títí òbí tó ń da ibẹ̀ rú yóò fi jáde. Àmọ́ ẹnu wo ni ọmọ ọdún 15 fẹ́ fi lé àgbàlagbà jáde? Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló yẹ kó dìde, kó sì ti sọ ọ́ fún àwọn òbí kí eré ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ẹgbẹ́ tí ìṣẹ́jú ìjìyà rẹ̀ ò bá kọjá iye kan máa ń gba àfikún máàkì lórí tábìlì. Èyí wù mí púpọ̀. Kí àwọn líìgì yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, kí èébú òbí náà sì máa gba máàkì lọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn alákòóso líìgì: akọ́nimọ̀ọ́gbá mélòó ni wọ́n ti dá dúró lọ́dún yìí?

Èmi ni tiyín,
Òbí kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín