Ẹ̀kọ Àkọ́kọ́ fún Àjàní

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Àjàní, ọmọ ọmọ mi, tí ó fi igbe gba fóònù lọ́wọ́ rẹ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, mo sì gbọ́ ọ lóhùn pé ó ti rẹ̀ ọ́. O ní ìyá ọkọ rẹ sọ pé ọmú kò yó ọmọ mọ́, pé ọmọ tí ó bá ti ń wo àgbà lẹ́nu nídìí oúnjẹ ń tọrọ nìyẹn, àti pé ọmọ aládùúgbò yín tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ti ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ àti lálẹ́. O wá bi mí pé, "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, Màámi?" Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, mo sì fẹ́ kí o ní in lọ́wọ́ kí o lè tún un kà ní òru tí ọmọ kò bá jẹ́ kí o sùn.

Kò tíì yá, ọmọ mi. Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni Àjàní wà. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ni yóò pé oṣù 6, ìgbà yẹn gan-an ni kí o bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, ọmú nìkan ni kí ó máa mu, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí omi ògì.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọdún 1989, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní iṣẹ́ ìtọ́jú ilé, mo sì mọ ohun tí ìwé wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n ń bá mi wẹ ọmọ ní ooru ti pọ̀ jù, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ yóò gbẹ bí kò bá mu omi, mo sì gbà fún wọn. Láti orí omi ó di àgbo, láti orí àgbo ó di omi ògì, kí ọmọ sì tó pé oṣù mẹ́ta wọ́n ti ń rọ ọ́ lẹ́kọ. Bóyá o kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ rí. Wọn yóò tẹ́ ẹ sórí itan, wọn yóò fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe bí abọ́ sí abẹ́ ẹnu rẹ̀, wọn yóò da ẹ̀kọ sí i. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, wọn yóò fi ìka dí imú rẹ̀, bí ó bá sì ti la ẹnu láti mí ni ẹ̀kọ yóò máa wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a fi ọ̀nà yìí tọ́ tí wọ́n sì dàgbà. Síbẹ̀, ọmọ mìíràn wà tí ẹ̀kọ pá lórí tí ó sì gba ọ̀nà èémí lọ, èyí kì í sì í ṣe ohun tí ìyá kan lè fi ọwọ́ fà padà.

Ìgbẹ́ gbuuru ni ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo fi ọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti jìn wọnú bí ojú ṣíbí. Ó ń sunkún, omi kò sì jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí ní ohun tí ọmọ ń jẹ, n kò lè la ẹnu. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fa omi sí i lára, mo jókòó tì í, mo ń fi òwú tutù nu ètè rẹ̀, mo sì ń ronú pé omi tí mo fún un kí ara rẹ̀ má baà gbẹ ni ó gbẹ omi ara rẹ̀ báyìí. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún omi ọmú, ó súnmọ́ ìdá 88 tí ó jẹ́ omi lásán. Bí oòrùn ṣe wù kí ó mú tó, ọmọ tí ó ń mu ọmú dáadáa kò nílò omi mìíràn kí ó tó pé oṣù 6. Omi tí a bá fún un, kòkòrò inú ife, inú ike àti ọwọ́ wa ni yóò bá a wọlé, yóò sì gba àyè ọmú nínú ikùn kékeré yẹn. Bí ọmọ kò bá sì mu ọmú tó bí ó ti ń mu tẹ́lẹ̀, omi ọmú ìyá yóò máa dín kù, wọn yóò wá ní, "Ṣé o rí i? A sọ pé kò tó!"

Ìyá ọkọ rẹ kò parọ́ o, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú aláìmọ̀kan wò wọ́n. Nígbà tí mo bí ìwọ ní ọdún 1993, oṣù 4 sí oṣù 6 ni wọ́n ń sọ fún wa ní kílíníìkì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ṣe ní ìlú Florence ní Ítálì ní ọdún 1990 ṣe là á sílẹ̀. Ọdún 2001 ni àpérò àwọn orílẹ̀-èdè lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fẹnu kò sí oṣù 6. Ẹni tí ó ti bí ọmọ rẹ̀ tán kí ó tó dìgbà náà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ń sọ.

Ní ti pé ọmọ ń jí lóru tí ó sì ń fa ọmú lemọ́lemọ́, bí ọmọ ọlọ́mú ṣe ń ṣe nìyẹn ní àwọn ìgbà tí ó ń ga lójijì, ọmú tí ó ń fà ni yóò sì mú kí omi ọmú pọ̀ sí i. Ní ti pé ó ń wò yín lẹ́nu, ọmọ oṣù mẹ́rin a máa wo fáànù, a máa wo iná, a máa wo ẹni tí ó ń kọjá. Ohun tí ó yẹ kí o máa wò ni ìlédìí rẹ̀. Bí ó bá ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sán àti òru, tí ìtọ̀ náà kò sì pọ́n, ọmú ń yó o. Kí o sì máa wo káàdì rẹ̀ pẹ̀lú: bí àmì ìwọ̀n rẹ̀ bá ń gòkè tẹ̀lé ìlà tí wọ́n fà sínú rẹ̀, ọkàn rẹ balẹ̀. Bí ó bá dúró lójú kan tàbí tí ó ń lọ sílẹ̀, má dúró de ọjọ́ 30, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ wà lára ohun tí ó ń dà ọ́ láàmú. Láti ìgbà tí o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmú rẹ a máa wú títí di ìrọ̀lẹ́, o sì ń rò pé ìbá rọrùn kí o gbé ẹ̀kọ sílẹ̀ fún ọmọ. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tọ ọ̀gá rẹ lọ, kí o béèrè fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, fún omi ọmú náà sínú ife tí o ti sè nínú omi gbígbóná, dé e, kí o sì gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Nínú yàrá tí ó tutù, ó lè lo wákàtí 4 láìbàjẹ́; nínú fíríìjì tí iná kò lọ lórí rẹ̀, ó lè lo ọjọ́ 4, ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kan lọ. Ife kékeré tàbí ṣíbí ni kí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ fi fún un, nítorí fíìdà ṣòro láti fọ̀ mọ́.

Bí oṣù 6 bá ti ń súnmọ́, ìwọ fúnra rẹ yóò rí i lára rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ yóò ti le, yóò lè jókòó bí o bá fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, yóò máa na ọwọ́ mú nǹkan, yóò sì máa gbé e sẹ́nu. Ahọ́n rẹ̀ ni kí o ṣọ́ jù lọ. Ọmọ tí kò tíì tó ẹni tí ń jẹun, bí ṣíbí bá kan ahọ́n rẹ̀ báyìí, ahọ́n náà ni yóò ti oúnjẹ síta. Àwọn èèyàn a ní ó kọ oúnjẹ, wọn yóò sì fi ipá tì í padà, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ ló ń sọ pé àkókò kò tíì tó.

Má sì jẹ́ kí àkókò náà kọjá. Àwọn ìyá kan wà tí wọ́n gbọ́ "ọmú nìkan" tí wọ́n sì fà á dé oṣù 8 tàbí 9, èyí náà kò dára. Èròjà áyọ́ọ̀nù tí ẹ̀jẹ̀ nílò, inú rẹ ni ọmọ ti kó ìwọ̀nba tirẹ̀ wá, ó sì ń tán lọ bí ó ṣe ń súnmọ́ oṣù 6. Díẹ̀ sì ni ó wà nínú omi ọmú. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó, ara rẹ̀ kò ní yá, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ní rí ohun tí yóò fi dàgbà. (Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni, ọ̀rọ̀ mi ìbá yàtọ̀, dókítà ni ìbá sọ ìgbà tí yóò gba èròjà náà.)

Nígbà tí ọjọ́ bá wá pé, irú ẹ̀kọ wo ni kí o fún un? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ti ń ṣe é bọ̀ dáadáa ti ń ṣì í. Nígbà tí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun rere tó wà nínú rẹ̀ ni ó bá èèrí lọ, èèrí náà a sì di oúnjẹ ẹran. Bí a bá wá po ògì tí ó kù kí ó ṣàn bí omi, a ti fi omi kún ikùn ọmọ, ó yó, àmọ́ kò jẹun. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ni ó rí àwọn ọmọ ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ní àwọn ọdún 1930, tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ara wọn ń bó, àwọn ọmọ tí oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn lẹ́yìn tí a ti já wọn lẹ́nu ọmú. Orúkọ tí àwọn Gã, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ń pe àìsàn náà ni ó mú wọ inú ìwé ìṣègùn: kwashiorkor, àìsàn tí ó ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún púpọ̀, kò sì sí ìgbà tí mo sọ ọ́ tí àyà mi kò já.

Nítorí náà, kí ẹ̀kọ Àjàní ki. Bí o bá bù ú sórí ṣíbí, tí o sì dà á díẹ̀, kí ó dúró lórí rẹ̀, kí ó má ṣàn dànù. Gún edé gbígbẹ kúnná, sẹ́ ẹ, kí o bu ṣíbí kékeré kan sí i, tàbí kí o fi ẹ̀wà sóyà tí a ti yan tí a sì lọ̀ sínú ògì náà, kí o sì kán epo pupa díẹ̀ lé e. Ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti mu ọmú díẹ̀ tí ebi kò pa á jù, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ tó fún un títí yóò fi pé oṣù 8, nígbà náà yóò ti lè jẹ ààbọ̀ ife lẹ́ẹ̀kan. Oúnjẹ tuntun kan ni kí o máa fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, kí o fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta wò ó kí o tó mú òmíràn wá: ẹyin tí ó jinná dáadáa, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ kúrò, ẹ̀dọ̀ tí a sè tí a sì lọ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ rírọ̀ tí kò ní ata, ànàmọ́, tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ. Ìbẹ́pẹ àti ọsàn máa ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, nítorí náà má ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá yí ojú kúrò, ó tó nìyẹn. Gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Má fún un ní oyin títí yóò fi pé ọdún kan. Má fi iyọ̀ tàbí ṣúgà sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀pà odindi kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, àfi èyí tí a bá lọ̀ kúnná tí a pò mọ́ ẹ̀kọ. Má sì já a lẹ́nu ọmú o; ọmú yóò máa bá oúnjẹ rìn títí ó kéré tán tí yóò fi pé ọdún 2.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má bá wọn jiyàn. Ọkọ rẹ ni kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì ka ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ fún wọn, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Èmi náà yóò pè wọ́n lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo ń bọ̀ wá bá yín ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, màá gbé ògì bàbà àti edé tí mo ti gún dání. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni yóò gbé Àjàní lé itan ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí wọ́n sì fi ṣíbí àkọ́kọ́ kàn án lẹ́nu. Wá ṣíbí rírọ̀ kan tí kò mú létí sílẹ̀ kí n tó dé, kí o sì gbé ọmọ lọ wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí o sọ iye tí ó jẹ́ fún mi.

Èmi ni,
Màámi rẹ.