Lẹ́tà láti Yábàá: Pé àti Pẹ́

Yábàá, Èkó.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé òtútù Berlin ti ń mọ́ ẹ lára. Àlàáfíà la wà níbí. Iná ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin Red Line ti gbà mí lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti Agége, mo ti ń dé ibi iṣẹ́ ní Yábàá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. O rántí ìgbà tí èmi àtìẹ máa ń há sínú dánfó ní Òṣòdì, tí a ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan bí ọmọ ọwọ́.

Ohun tí o kọ ní ìparí lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní nínú iṣẹ́ kóòdù kíkọ wa yìí, ọ̀hún ni iṣẹ́ gidi wà, pé aṣọ gbígbó ni àwa kàn ń lẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ fún ẹ, torí òun ló yí ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́ wa padà.

O mọ̀ pé áàpù tí àwọn ọlọ́jà fi ń dá àjọ ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Èmi ni mo kọ apá tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. A ní kó máa lọ ní Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mo sì fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, orí mi wú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pè mí sí ìpàdé pé owó àtẹ̀jíṣẹ́ ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ náà á ti mọ ìdí rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kì í gbà ju báìtì 140 lọ, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Tó bá jẹ́ pé kìkì lẹ́tà tó wà nínú àtẹ GSM, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, ni a lò, bíìtì méje-méje ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, 160 á sì wọlé. Ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àtẹ yẹn bá ti yọjú, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí báìtì méjì-méjì, 70 péré ló kù. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà 150 tí ì bá lọ lẹ́ẹ̀kan á di mẹ́ta, owó mẹ́ta ni wọ́n á sì gbà lọ́wọ́ wa.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti àtẹ náà, mo ń kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ü tí ẹ ń lò lọ́hùn-ún wà níbẹ̀, ß wà níbẹ̀. Lẹ́tà kékeré à, è, ì, ò, ù wà, torí àwọn ará Ítálì ń lò wọ́n. É nìkan ló wà nínú àwọn olóhùn òkè. Á kò sí, í kò sí, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ, ṣ, ìkankan kò sí níbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohùn òkè lówó! Kódà ₦ wa kò sí, bẹ́ẹ̀ € ti rí àyè nínú àfikún rẹ̀. Ọmọ Ìgbò kan tí a jọ wà níbi iṣẹ́ ní ị, ọ àti ụ tiwọn náà kò sí. Ɓ, ɗ, ƙ ti àwọn Hausa náà kò sí.

Mi ò rò pé àwọn ará Yúróòpù tó ṣe é kórìíra wa. Ẹni tó wà níwájú wọn ni wọ́n rí. Àmọ́ kì í ṣe pé èdè wa kò tíì ní àkọsílẹ̀ nígbà náà. Ìpàdé tí àwọn CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, ṣe lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1875. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní 1992. Kò sí ẹni tó bá wa gbé ọjà wa dé orí àtẹ ni.

Níbi iṣẹ́, wọ́n ní ká yọ gbogbo àmì. "Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọ́n á mọ̀ ọ́n kà." Mo jiyàn díẹ̀, mo sì gbà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ kóòdù náà, ìlà mẹ́rin péré: ó ń tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbá àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ dànù.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ànkárá ní ọjà Tejuosho. Ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó gbé fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde láti inú àpò ìdí rẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan: "Owo ajo yin ti pe." Mo ní, "Ẹ kú oríire, mà." Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

Ohun tí mo kọ ni pé owó àjọ wọn ti pé. Ohun tí ìyá kà ni pé owó àjọ àwọn ti pẹ́. Wọ́n rò pé àwọn ti jẹ gbèsè. Wọ́n sáré yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ́wọ́ onílẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n tún san án sínú àjọ tí wọ́n ti dá tán, wọn ò sì rówó ra ọjà lọ́sẹ̀ yẹn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọkọ mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ṣé ẹ ò kà á sókè kí ẹ tó fi ránṣẹ́ ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, a ò kà á sókè. Nínú gbogbo ìdánwò tí wọ́n ṣe fún mi kí n tó rí iṣẹ́ kan tàbí òmíràn, wọ́n ti ní kí n to nọ́ńbà, wọ́n ti ní kí n yí igi kóòdù sódì, kò sí ẹni tó tíì ní kí n ka ohun tí mo kọ sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí mo kọ ọ́ sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ṣe gbogbo ìpàdé lórí Yorùbá yẹn. Mo mọ̀ pé gbogbo wa kọ́ ni Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló pa wá pọ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan ti dìde pé ká gbọ́ ọ bó ṣe máa dún létí ìyá ọlọ́jà, èmi ló sì yẹ kó jẹ́.

A dá owó ìyá padà. Lẹ́yìn náà mo gbé ìwé mi, mo jókòó sórí àpótí ní ìsọ̀ wọn ní ọ̀sán ọjọ́ méjì, mo ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ wa kọ̀ọ̀kan láìlámì, ìyá àti onílẹ́ẹ̀sì ń sọ ohun tí etí wọn gbọ́. "A ti yo owo" dá ẹ̀rín sílẹ̀: ta ló ń yọ̀ mọ́ owó wa? Àwọn ni wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣini lọ́nà: "E ti da ajo yin tan. Ko ku nnkan kan." Ìyẹn ló ń lọ sórí fóònù kékeré báyìí. Nínú áàpù, níbi tí àmì kò ti náni ní kọ́bọ̀, mo dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Láàárín gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ kóòdù, kò sí iṣẹ́ tó le tó ọ̀sán méjì yẹn, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o. Iṣẹ́ gidi ni mo kà á sí.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Àwọn ará Tọ́kì ti rí àtẹ tiwọn gbà nínú ìlànà àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn èdè Íńdíà náà ti gbà. Ìwọ lo sún mọ́ àwọn tó ń ṣe ìlànà wọ̀nyẹn jù mí lọ. Bá mi wádìí ẹni tí èèyàn máa kọ̀wé sí, àti ohun tí wọ́n máa ń bèèrè. Èmi á kó ti Yorùbá jọ, ọmọ Ìgbò yẹn ti ní òun á ṣe tiwọn.

Ìyá aláǹkárá ní kí n kí ẹ. Wọ́n ní kí o fi ìwọ̀n èjìká rẹ ránṣẹ́, aṣọ kan wà tí wọ́n ti gé sọ́tọ̀ fún ẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ ní Yábàá.