Aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ oṣù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé pe gbogbo iṣẹ́ oṣù ní "iṣẹ́ aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún". Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní àárọ̀ òní, aago méje kò tíì lù tí mo ti ń ka ìwé tí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú fi sílẹ̀ fún mi. Oorun ti mú kí ìlà tó kọ kẹ́yìn wọ́ gbọọrọ. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún àwa méjèèjì.

Ní 1919, àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé fi wákàtí 8 lójúmọ́ ṣe òdiwọ̀n fún àwọn iléeṣẹ́ bíi ti ìṣelọ́pọ̀ àti ìwakùsà. Kò sọ pé aago mẹ́sàn-án ni kí á bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ oṣù lẹ ní lọ́kàn, ẹ kọ "iṣẹ́ oṣù".

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín